Orúkọ tí Mo Pe Wándé ní Pápá Ìṣeré

Nígbà tí mo ń kúrò nílé, ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn ni pé iṣẹ́ ni mo ń bá lọ. Irọ́ kọ́ ni. Jíjókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, kí n máa gbé fáìlì kan náà láti yàrá dé yàrá, ti sú mi. Àmọ́ ìdí kan tún wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò lè wọ pápá ìṣeré Àkúrẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè gba iwájú ilé Ìyá Àgbà kọjá ní Oǹdó kí àyà mi má já.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹbí wa. Ilé wọn ló kọjú sí ilé wa, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọmọ ọmọ wọn méjì dàgbà, Wándé àti Fẹ́mi. Wándé lẹ̀gbọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti òun. Ìyá rẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Nígbà tí òun dé, Akínwándé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ yẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àgbà ní tiwọn sọ ọ́ ní Dúrójayé. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ àlejò pé kó má tíì lọ. Orúkọ náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Wọn kò mọ̀ ọ́n nílé ìwé, wọn kò mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àwa tí a jọ ń fọwọ́ bọ abọ́ kan náà nìkan la mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ pé orúkọ tí wọn kì í fi ṣeré ni.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n kó èmi àti Wándé wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa bá ń gbá nílé, a ó kúrò ní Oǹdó lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, a ó fi búrẹ́dì àti àkàrà pa ebi nínú ọkọ̀, a ó sì lọ jókòó sápá ibi tí oòrùn kì í tètè dé. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi ní: bó ti wù kí ó rí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. "Ẹni tó bá dìde," wọ́n á ní, "àlejò ni." Nígbà tí Fẹ́mi dàgbà díẹ̀, òun náà ń tẹ̀ lé wa. Lọ́jọ́ tí Wándé kọ́kọ́ ṣọ́lé gẹ́gẹ́ bíi gólì fún ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bàbá mi yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, wọn kò fi í sójú títí abala kìíní fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Eré tí mo ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tó kẹ́yìn ní sáà kan, lẹ́yìn ikú bàbá mi. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró sí líìgì àgbà. Bí a bá pàdánù, a já sísàlẹ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ni mo jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí; Fẹ́mi wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlà ìsàlẹ̀, jìnnà sí mi. Wándé ti mú bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kí gólì kankan mú lọ́jọ́ náà, mo sì ti pariwo orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbá bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù tí kò lágbára, tó ń yí bọ̀ nílẹ̀ bí ọsàn tó já bọ́ lórí àtẹ. Wándé kúnlẹ̀ láti gbé e. Ó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ inú àwọ̀n.

Gbogbo pápá dákẹ́. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn. Inú rẹ̀ ni ohùn mi ti jáde. Mo dìde, mo sì fi èdè Oǹdó kígbe:

"Dúrójayé, tí o dúró yìí, kí lo dúró ṣe?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èébú àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àmọ́ tèmi ló ṣáájú. Wándé ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yí orí padà, ó ń wo ibi ìjókòó wa láti ìlà kan dé òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn agbòòrùn ọkùnrin tó wà níwájú mi. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi fọn fèrè. N kò rí bí ó ṣe jáde kúrò lórí pápá.

Wándé kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó padà sí Oǹdó, ó ń bá Ìyá Àgbà ro oko kòkó. Àwọn èèyàn ní góòlù yẹn ló bà á lọ́kàn jẹ́, èmi náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n rìnrìn àjò, ó wá kí mi nílé. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹnìkan pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà," ó ní.

"Gbogbo èèyàn ló ń pe orúkọ ẹ."

"Orúkọ tí Ìyá Àgbà ń pè mí. Èdè wa ló fi pè é. Ó bi mí pé kí ni mo dúró ṣe." Ó gbójú sókè. "Àwa mélòó la mọ orúkọ yẹn? Ìwọ wà níbẹ̀. Fẹ́mi wà níbẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó mi orí. "Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ ìwọ. Mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni."

Òun àti Fẹ́mi ti jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú eré náà, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Mo rí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ. Mo jẹ́ kó lọ síbẹ̀. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó gbá mi mọ́ra, ó gbàdúrà fún mi pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà mí.

Ìlú tí mo dé wà létí òkun, lápá àríwá ilẹ̀ Scotland. Mo ti gbọ́ nípa òtútù, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ìdákẹ́jẹ́ ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní ibùdókọ̀, mo kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Obìnrin kan bi mí bóyá ara mi kò yá ni. Nínú bọ́ọ̀sì, a pọ̀, àmọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo ń gbọ́. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán kò ní í lù tán kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá kan lókè ilé oúnjẹ kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ báyìí, ohùn mi á dìde nínú rẹ̀, á bi mí ní ìbéèrè tí mo bi Wándé. Èmi gan-an wàyí, tí mo kúrò nílé tí mo wá síbí, kí ni mo wá ṣe?

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo rí. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Nílé, ẹ̀rù kò ní í jẹ́ kí n wo ìhòòhò ẹni tó tó bàbá mi. Níhìn-ín, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alec, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí mo fi da ọṣẹ sí i lójú. Ó bú mi, mo sì tọrọ àforíjì, mo pè é ní Bàbá láìmọ̀. Ó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ó pẹ́ tí ẹnìkan ti pe òun bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, pé kí n má ṣe yí i padà. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí kí n tó máa gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń sọ, torí ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀ ń yára, ó sì ń gba ọ̀fun jáde. Lọ́jọ́ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín, tí mo rẹ́rìn-ín lásìkò tó yẹ, mo rìn lọ sílé bí ẹni tó yege ìdánwò.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ra ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nígbà tí mo gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn mi. Ó ń bi ẹnìkan pé ta ló wà ní ulé. Ulé, kì í ṣe ilé. Ará Àkúrẹ́ ni. Ó ti tó ọdún kan tí n kò ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní ìta. Mo tẹ̀ lé e láti ìdí àgbá òróró dé ìdí ọṣẹ. Ibẹ̀ ni mo ti wá rò ó pé bí mo bá kí i, á béèrè ibi tí mo ti wá, á béèrè ọmọ ta ni mí, bóyá ọkọ rẹ̀ náà sì máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo gbé ìrẹsì mi sílẹ̀, mo jáde.

Èèyàn lè ní ìwé ìgbélùú kó má sì ní ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó fún mi níwèé kí n tó di ti ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́. Jíjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi títí fèrè fi dún ló sọ mí di ọ̀kan nínú wọn. A máa ń sọ pé "a borí", bí ẹni pé ẹsẹ̀ tiwa ló gbá a. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo dìde, mo yọ Wándé kúrò nínú "àwa" náà níṣojú gbogbo ayé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé mo yọ ara mi pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ náà wà nínú àpótí mi. N kò wọ̀ ọ́ rí níbẹ̀.

Bàbá Alec ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré ti ìlú náà, tó ti ń tẹ̀ lé láti kékeré. Kò sí èyí tí kò bú nínú wọn, kò sì sí Sátidé tí kò fẹ́ lọ wò wọ́n. Nígbà tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń ti àga onítáyà rẹ̀ lọ sí pápá. Àwa tó ń wòran kì í ju bí èèyàn ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kan, gólì wọn ṣi bọ́ọ̀lù mú, ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì bú u. Gólì náà yíjú padà, ó pe ọkùnrin náà lórúkọ, ó dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé wọ́n máa ń gbọ́ wa ni?" mo bi í.

"Gólì ń gbọ́ ju gbogbo wọn lọ," Bàbá Alec ní. "Kí ló tún fẹ́ ṣe? Òun nìkan ló dúró sójú kan."

Títí di ọjọ́ yẹn, mo ti ń tan ara mi pé èrò pọ̀, pé Wándé kàn ṣèèṣì gbọ́ ọ ni. Mo ti àga náà padà lábẹ́ òjò, bàbá náà sì ń bi mí ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè mí, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ní ọdún kejì, wọ́n pè mí láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé kì í ṣe ire. Ìyá Àgbà ti kú.

"Wọ́n sin wọ́n dáadáa," màmá mi ní, lẹ́yìn ìsìnkú. "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ṣeni láàánú. Wándé dúró sápá ọ̀tún sàréè, Fẹ́mi dúró sápá òsì. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀."

"Kí ló fà á, Màmá?"

"Wọ́n ní Fẹ́mi fi orúkọ ilé bú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní pápá, lọ́jọ́ tí ẹ já sísàlẹ̀. Fẹ́mi ń fi Bíbélì búra pé òun kọ́. Ó ti kó lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ibẹ̀ ló ti ń ṣe tíṣà. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ò gbọ́ kí Fẹ́mi sọ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ kí Fẹ́mi sọ nǹkan, Màmá."

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn yẹn, ìdí nìyẹn tó fi burú ju irọ́ lọ. Mo lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bọ́ arúgbó mẹ́fà lóúnjẹ, èmi fúnra mi kò lè jẹ.

Ọdún méjì mìíràn kọjá kí màmá mi tó sọ fún mi pé Wándé ti padà sínú ẹgbẹ́. Kóòṣì tuntun kan ló rí i níbi tí òun àti àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ní pápá ilé ìwé kan ní Oǹdó. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀, apá gólì wọn sì ti ṣẹ́. Ọjọ́ orí wa ti kọjá ọgbọ̀n ọdún dáadáa, àmọ́ kóòṣì ní òun kò ka ọdún, ọwọ́ ni òun ń wò.

"Ó ti rù," màmá mi ní. "Ó ń sáré lọ sí oko, ó ń sáré bọ̀. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì nínú eré tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n ti padà sí líìgì àgbà nìyẹn."

Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn láti pè é. Bí mo bá sọ fún un kí ó tó gbá, mo tún ba tiẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́yìn tó bá borí, á dà bíi pé mo fẹ́ jẹ nínú ayọ̀ rẹ̀. Kò sígbà tí ojo kì í rí àwíjàre.

Lọ́jọ́ eré náà, màmá mi gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, èmi sì jókòó láàárín aṣọ tí a ti fọ̀ níbi iṣẹ́, lákòókò ìsinmi mi. Àwọn àlejò tètè gbá góòlù kan wọlé. Mo gbọ́ ariwo náà, ariwo pápá wa, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Àwọn èrò ń ní kí wọ́n yọ Wándé," màmá mi ní.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Rárá o. Ó wà níbẹ̀."

A dá góòlù náà padà ní abala kejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Wándé fò jáde láti gba bọ́ọ̀lù kan, òun àti ẹlòmíràn forí gbárí. Olùgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wé e, ó dìde, wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó mú un. Fèrè dún. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Màmá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ki ojú bọ àárín aṣọ tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú.

Mo pe Wándé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn. "O rántí wa lónìí. Ṣé o gbọ́ eré náà?"

"Mo gbọ́ ọ. Wándé, èmi ni mo pe orúkọ yẹn."

Mo ń gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń gún nǹkan nínú odó.

"Orúkọ wo?" ó ní, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Dúrójayé. Èmi ni mo bi ọ́ pé kí lo dúró ṣe. O wá bá mi nílé, o béèrè lọ́wọ́ mi, mo purọ́ fún ẹ."

Odó náà ń dún lọ. Mo rò pé ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?"

"Mi ò lè gbé e mọ́."

"O wá gbé e fún mi." Kò pariwo. "Ṣé o ti sọ fún Fẹ́mi?"

"Rárá."

"Pè é," ó ní, ó sì pa fóònù.

Fẹ́mi ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí mo pè é, ó jáde síta. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ó ti máa ń ṣe: "Bọ̀dá mi, ẹ káàsán, ẹ kú ojú ọ̀nà jíjìn." Mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ ọ́ tán.

"Nígbà tí àìsàn Ìyá Àgbà wọ̀ wọ́n lára," ó ní, "wọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní mi ò ṣe é. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò ṣe é, kí n ṣáà tọrọ ẹ̀, káwọn lè rí wa pa pọ̀ káwọn tó lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe. Kò dá mi lóhùn. Ìyá Àgbà ń wò wá."

"Fẹ́mi, jọ̀ọ́."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí, bọ̀dá. Àwọn ọmọ ń dúró dè mí ní kíláàsì."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá mi sọ fún mi pé Wándé wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìgbàrà-Òkè lẹ́yìn ìdánrawò. Ìyàwó Fẹ́mi ló ròyìn rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò níta gbangba, níṣojú àwọn aládùúgbò, Fẹ́mi sì sáré gbé e dìde torí pé èèwọ̀ ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan títí oòrùn fi wọ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

"Wọn ò sọ ohun tó yanjú ẹ̀ fún wa," màmá mi ní. "Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Mo sọ fún wọn. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn lọ jókòó, wọ́n sì pa fóònù. Ọjọ́ Àìkú méjì kọjá, wọn kò pè mí. Èmi pè, wọn kò gbé e.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni wọ́n pè. Wọ́n ní Wándé wá sí Oǹdó, ó sì yà wá kí àwọn, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ojú ọgbẹ́ tó wà níwájú orí rẹ̀ ti jinná. Ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè eékún tó ń dun màmá mi.

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Kò béèrè ẹ."

"Kò burú, Màmá."

"Ó burú," màmá mi ní. "Àmọ́ mo gbé omi fún un, ó sì mu ún tán."